Ojú Lọ̀lẹ: Ẹ̀kọ́ lórí Ìfònídónìí-Fọ̀ladọ́la

Ní ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa, kọ́bọ́ọ̀dù irin kan wà tí a kì í ṣí lójoojúmọ́. Ìwé-ẹ̀rí ìdánwò WAEC ni ó wà nínú rẹ̀, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti jáde láti ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún sẹ́yìn tí wọn kò tíì wá gbà á. Kì í ṣe pé wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n yege, òmíràn nínú wọn yege débi pé a ka orúkọ rẹ̀ sétí àwọn òbí ní ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn. Wọ́n ti di òṣìṣẹ́, wọ́n ti di abiyamọ, àwọn kan ti di ọ̀gá. Ìwé àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò kiri, títí di ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní òkè òkun yóò ní ojúlówó ni àwọn fẹ́ fojú rí, kí ó sì tẹ àwọn lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà náà ni ìpè yóò máa gorí ìpè ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá sì bi olúwarẹ̀ pé kí ló dé láti ọjọ́ yìí wá, èsì rẹ̀ kì í yàtọ̀: "Mo ti ń múra àtiwá ni." Ikán àti òjò tí ń jò kò mọ̀ pé a ń múra.

Ìmúra àtiwá yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìrántí ọdún yìí, nítorí ó kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, ó kan ẹ̀yin òbí, ó sì kan àwọn ọmọ tí wọ́n wà lábẹ́ òrùlé wa nísinsìnyí. Ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la ni àwọn àgbà ń pè é. Orúkọ náà gùn, ó sì ń wọ́lẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tí a rán an. Kí a má ṣe ṣì í pè ní sùúrù. Àgbẹ̀ tí ó dúró de òjò kí ó tó gbin àgbàdo kò fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó mọ ohun tí ó ń dúró dè, ó sì ti tọ́jú irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń fòní dónìí kò mọ ohun tí ó ń dúró dè. Bí òjò bá dé, yóò ní kí ó dá ná.

Orúkọ mìíràn tí a máa ń sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀lẹ, àwa kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo obìnrin tí ó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti lọ ra ọjà, tí ó ń tajà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí ó sì tún ń se oúnjẹ kí ó tó sùn. Òun kan náà ni ó ti ń sọ láti oṣù mẹ́ta pé òun yóò lọ gba ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ òun. Ta ni yóò pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ? Apá rẹ̀ ká iṣẹ́. Ibòmíràn ni àrùn náà fìdí sí, àwọn baba wa sì ti fi ọ̀rọ̀ méjì péré tọ́ka sí i: ojú lọ̀lẹ. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń rí oko, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó sì ń rí i, láti etí ọ̀nà títí dé ìdí igbó. Ọwọ́ kò rí ju koríko tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ojú fi ń sá nígbà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́.

Ìwé-ẹ̀rí tí a mẹ́nu bà lókè yìí jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Lẹ́nu, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni: kí n lọ gba ìwé-ẹ̀rí mi. Lójú, ó ti di òkìtì. A ní láti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. A ní láti mọ ọjọ́ tí ọ́fíìsì ń ṣí àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ní láti wá nọ́ńbà ìdánwò tí a ti gbàgbé. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ń bẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó le. Àpapọ̀ wọn ni ojú ń wò tí ó fi ń ṣíjú kúrò. Bí ó sì ti ń ṣíjú kúrò ni ohun mìíràn ń gorí òkìtì náà, èyí tí ó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ: ìtìjú. Ẹni tí ó bá wá ní oṣù kan lẹ́yìn tí ìwé dé, owó ọkọ̀ nìkan ni yóò san. Ẹni tí ó bá wá lẹ́yìn ọdún méjìlá yóò san owó ọkọ̀, yóò sì tún ṣàlàyé ọdún méjìlá fún akọ̀wé kan tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àlàyé yẹn ni ó ń bà á lẹ́rù ju ìrìn-àjò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà tí a kò fèsì sí ṣe ń rí, àti gbèsè kékeré tí a jẹ aládùúgbò, àti ìpè fóònù sí àbúrò ìyá wa tí ó ti ń retí ohùn wa láti Kérésìmesì. Iṣẹ́ náà kò dàgbà rárá. Ìtìjú orí rẹ̀ ni ó ń dàgbà, bí èlé orí owó tí a yá. (Kí a tó kúrò níbẹ̀: àwọn akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ kì í bínú sí ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó wá. Inú wọn ń dùn pé kọ́bọ́ọ̀dù ń fúyẹ́.)

Ìwé Mímọ́ mọ àrùn yìí dáadáa. Nígbà tí àwọn Júù ti ìgbèkùn Bábílónì padà dé Jerúsálẹ́mù, wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ḿpìlì lélẹ̀ pẹ̀lú orin àti ẹkún, lẹ́yìn náà iṣẹ́ dúró. Òtítọ́ ni pé àwọn ọ̀tá dí wọn lọ́wọ́, ìwé Ẹ́sírà kò sì fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wòlíì Hágáì dìde ní ọdún kejì ìjọba Dáríúsì, èyí tí í ṣe 520 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ọ̀rọ̀ ọ̀tá kọ́ ni ó bá lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àkókò kò tíì tó. Iṣẹ́ náà ti dúró fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti rí àkókò kọ́ ilé tiwọn, ilé tí a fi pákó dáradára bo ògiri rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fìgbà kan sọ pé àwọn kò ní kọ́ tẹ́ḿpìlì. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ìjà ìbá dé, ọ̀rọ̀ ìbá sì yanjú. Ìlérí rere tí kò ní ọjọ́ ni ó gba ipò iṣẹ́.

Ohun tí Hágáì sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe yẹ kí a fọkàn sí. Kò gbé àwòrán tẹ́ḿpìlì kalẹ̀ fún wọn láti wò. Ó ní kí wọ́n gun orí òkè lọ, kí wọ́n gbé igi wá. Iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀ nìyẹn: àáké, okùn, èjìká. Ìwé náà kọ ọjọ́ sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni wòlíì náà sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ 23 péré sí àárín. Ní ọdún kẹfà Dáríúsì, gẹ́gẹ́ bí Ẹ́sírà ti wí, ilé náà parí. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó kò gba ọdún márùn-ún.

Nígbà tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ wà lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín pé agogo ń bá yín ru ẹrù. Agogo ìjí, agogo ìsìn òwúrọ̀, agogo oúnjẹ, agogo ìkàwé alẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní prep, títí dé agogo tí a fi ń paná. Inú àwọn ọmọ kì í dùn sí i; ṣàṣà ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ kan kò tíì gbìyànjú láti fi òòlù agogo pamọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò sí ẹni tí ó bi yín bóyá ó wù yín láti kàwé ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Agogo dún, ẹ jókòó, ẹ ṣí ìwé. Ìfẹ́ àtikàwé, bí yóò bá dé rárá, lẹ́yìn ojú ewé kẹta tàbí ìkẹrin ni ó ń dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jáde pẹ̀lú èrò pé òun ti mọ àkókò í lò, tí ó jẹ́ pé agogo ni ó mọ̀ ọ́n lò. Ọdún kìíní ní yunifásítì ló máa ń tú àṣírí.

Ta ni ó ń lu agogo fún àgbàlagbà? Fóònù ń dún, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìka ẹni tí ó ní kí ó dún náà ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tí a rí pé ó ń ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ rọrùn débi pé ènìyàn lè fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Jámánì, Peter Gollwitzer, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Veronika Brandstätter, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní 1997. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ìròyìn nípa bí wọ́n ṣe lo ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, kí wọ́n sì kọ ọ́ láàárín wákàtí 48. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ti máa ń rí lásìkò Kérésìmesì. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn sọ tẹ́lẹ̀ ìgbà gan-an tí wọn yóò kọ ọ́ àti ibi tí wọn yóò jókòó sí. Àwọn ìyókù kàn gbà láti ṣe é. Nínú àwọn tí wọ́n kàn gbà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ṣe é lásìkò. Nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ ìgbà àti ibi, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Ìgbà tí a dárúkọ ti di agogo nìyẹn. "Màá kọ lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ yìí" kì í ṣe agogo. "Ní ọjọ́ Sátidé, bí mo bá ti jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, kí n tó gbé àwo kúrò lórí tábìlì, màá kọ lẹ́tà náà níbẹ̀": èyí dún. Oúnjẹ àárọ̀ yóò dé ní Sátidé bó pẹ́ bó yá. Bí ó bá ti dé, ó ti mú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wá. Ẹni tí kò bá sì fọkàn tán ara rẹ̀ lè fi agogo náà sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 1882, ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ọdún 33, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kọ ìwé ìtàn àròsọ 47. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi aago síwájú, ó sì ń retí pé kí òun kọ ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó wù wá jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó ń fi pọ́n-ùn márùn-ún kún owó ọdún ìránṣẹ́ rẹ̀ kan kí ó lè máa jí òun. Ọkùnrin tí ó mọ ara rẹ̀ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan lè ṣe irú rẹ̀ fún ara wọn láìsan kọ́bọ̀: kí ẹni méjì láti kíláàsì kan náà máa pe ara wọn ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, kí oníkálukú sọ iṣẹ́ kan péré tí yóò parí kí Ọjọ́ Àìkú mìíràn tó dé, kí ẹnìkejì sì bi í léèrè.

Ó kù bí a ṣe ń gé iṣẹ́. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ kọ ẹgbẹ̀rún ebè kì í ka ẹgbẹ̀rún. Ó ń ka igba. Bí igba bá pé, ó lọ sí abẹ́ igi, ó mu omi, ó sì tún kọ́ ọkọ́ sí èjìká. Ní ilẹ̀ wa, kò sí iṣẹ́ ìwé tí ó ga ju Bíbélì Yorùbá lọ. Ta ni ojú rẹ̀ kò ní sá bí a bá ní kí ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, sí èdè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ó ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀? Ìwé Róòmù tí Samuel Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850. Ìwé kan péré. Odindi Bíbélì kò jáde títí di 1884, ọdún 34 lẹ́yìn náà, òun pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n sì jọ ṣe é. Láàárín ìgbà náà, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó ń lọ ó ń bọ̀ lójú odò Ọya. Ọ̀pọ̀ wa lónìí kò ní ẹ̀kẹta irú wàhálà bẹ́ẹ̀, a sì ń wá ọ̀sẹ̀ kan tí yóò ṣófo gbáko kí a tó tún àpótí ìwé wa tò. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ọmọ tí ó máa ń to ìwé sórí tábìlì ní aago méje alẹ́, tí yóò gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù, tí yóò lọ mu omi, tí yóò padà wá tún ìwé náà tò, tí aago mẹ́sàn-án yóò sì bá a níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lẹ́nu wa nígbà náà ni "ọ̀lẹ ọmọ!" A rò pé ọ̀rọ̀ yìí ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti ń sá fún gbogbo ìwé kẹ́mísírì látòkè délẹ̀ ni a tún di ìtìjú lé lórí, ẹrù rẹ̀ sì di méjì. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé ojú ewé mélòó ni. Bí ó bá ní ogójì, ẹ ní kí ó ka mẹ́rin. Kí fóònù rẹ̀ wà ní yàrá kejì fún ogún ìṣẹ́jú, kí tiyín náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ọmọ ń wo fóònù tí ó wà lọ́wọ́ bàbá ju ìwé tí ó wà níwájú òun lọ. Kí ẹ sì gbà wá láyè láti sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀: bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yóò parí gan-an ni a ń sáré gbé owó wá, pẹ̀lú ìkánjú àti ariwo, ọmọ ti rí bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ nínú ilé náà.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọn kò ní ìforúkọsílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá ọjọ́ fún. Àwọn ni a bẹ̀rù jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ṣáà máa ń wà lára láìfi àmì kankan hàn, bẹ́ẹ̀ wíwọ̀n rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, a kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Ìwé ìhágún àti ìwé ilẹ̀ ni ó gba ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ti rí ilé tí àwọn ọmọ ìyá kan náà ti di ọ̀tá ní kóòtù, tí ó jẹ́ pé ohun tí bàbá wọn fẹ́ kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni nígbà tí ó wà láàyè, ṣùgbọ́n tí kò kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá kọ ìwé ìhágún ti ń pe ikú. Kristẹni kò yẹ kí ó gba èyí gbọ́, síbẹ̀ a mọ̀ pé ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró ní ìkọ̀kọ̀. Ti ilẹ̀ tún nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, rìsíìtì tí ẹbí fún wa nìkan kò tó. Sọfiyọ̀ ń bẹ, agbẹjọ́rò ń bẹ, ìyọ̀ǹda gómìnà ń bẹ, owó ń bẹ ní orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rí gbogbo rẹ̀, ojú sá. Àwọn ìwé náà wà káàkiri: ọ̀kan lábẹ́ ibùsùn, ọ̀kan nínú Bíbélì, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn.

Ẹ má ṣe ronú kan gómìnà lónìí. Ẹ ra àpò ìwé kan ṣoṣo, èyí tí ó tóbi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ ti dárúkọ, ẹ kó gbogbo ìwé tí ó wà nínú ilé sínú rẹ̀, ẹ kọ ibi tí ìyókù wà sí abala ìwé kan, ẹ fi í sókè, kí ẹ sì sọ fún ẹni kan tí ẹ fọkàn tán pé ibi báyìí ni àpò náà wà. Kò tíì di ìwé ìhágún, kò sì ní agbára òfin. Igi tí a gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni. Agbẹjọ́rò tí ẹ bá gbé e lọ bá yóò rí ibi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sì rí i pé ojú yín kò sá mọ́ bí ó ti ń sá tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ kan kù tí a fẹ́ bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ fún ní pàtàkì lọ́dún àjọ̀dún yìí. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ yín ti ń dàgbà. Àwọn mìíràn ti fẹ̀yìn tì sí abúlé tí ọ̀nà rẹ̀ kò dán, wọn kì í sì í rí àlejò púpọ̀. A mọ̀ pé ẹ ní wọn lọ́kàn. A ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìpàdé. Ohun tí ó ń dá lẹ́tà yín dúró ni pé ẹ fẹ́ kí ó jẹ́ lẹ́tà ńlá, tí ẹ̀bùn ńlá yóò tẹ̀lé. Ìlà mẹ́ta tó: orúkọ yín àti ọdún tí ẹ jáde, ohun kan tí olùkọ́ náà kọ́ yín tí ẹ ṣì ń lò, àti ibi tí ẹ wà nísinsìnyí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń jẹ́ kí ẹ tó lọ sílé ọkọ, nítorí òun ni wọ́n fi mọ̀ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà, torí pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.